Ẹ Bi Wá Léèrè: Wíkẹ́ńdì kan ṣoṣo, ọ̀rẹ́ mi ní Paris, èmi ní Edinburgh

Lẹ́tà ìrìn-àjò ló kún àpótí wa lóṣù yìí, kò sì yà mí lẹ́nu, torí Abuja tá à ń gbé yìí, tí ọ́fíìsì ò bá rán èèyàn lọ sókè òkun, èèyàn fúnra ẹ̀ á wá ìdí tó fi máa rìn. Mo mú mẹ́ta nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ló gùn jù, torí ẹjọ́ inú ẹ̀ pọ̀.

*

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Kubwa ni mò ń gbé. Ọ́fíìsì wa ń rán èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan lọ sí London fún kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ méjì ní ìparí oṣù kẹwàá, àwa méjèèjì sì ti gba físà UK. Wíkẹ́ńdì kan wà láàárín tí a ò ní ṣe nǹkan kan, a fẹ́ fi wo ìlú míì. Ọ̀rẹ́ mi ní Paris ni ká lọ, ó ní ó ti ń wu òun láti kékeré, èmi rí Edinburgh lórí fóònù, ọkàn mi sì fà sí i. Èkejì ni pé ọ̀rẹ́ mi yìí, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, àmọ́ tó bá dọ̀rọ̀ owó, "bá mi san án ná, màá fún ẹ" ló máa ń sọ, tá a bá délé tán, ó di ìtàn. Mi ò fẹ́ jà. Kí ni kí n ṣe?
— Ẹni Tí Ò Fẹ́ Jà, Kubwa

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ Paris torí òun ló rọrùn jù. Físà UK ò ṣeé gbé wọ France. Físà Schengen ni France ń béèrè, orílẹ̀-èdè 29 ló jọ ń lò ó, UK ò sì sí nínú wọn. Ohun tó ń tan àwọn èèyàn wa ni pé réluwéè Eurostar tó ń gbéra ní St Pancras ní London ń dé Paris láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì lé díẹ̀, wọ́n á wá rò pé ibi tó sún mọ́ tó yẹn, ta ló fẹ́ máa béèrè ìwé. Wọ́n á béèrè o! London níbẹ̀ gan-an ni àwọn aṣọ́bodè France ti máa yẹ páàsì yín wò kẹ́ ẹ tó wọ ọkọ̀. Kẹ́ ẹ má sì sọ pé tẹ́ ẹ bá dé London lẹ máa lọ gba Schengen o, àlejò lẹ jẹ́ níbẹ̀, ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ní kó ti gbà á, ìyẹn ni pé Nàìjíríà lẹ ti máa ṣe é kẹ́ ẹ tó kúrò, ọjọ́ 15 ni wọ́n sì fi ń dáhùn tí kò bá sí ìdíwọ́, ó lè dé 45 tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Gbogbo wàhálà yẹn nítorí ọjọ́ méjì? Ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó fi Paris pa mọ́ de ọdún tó bá máa lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko níbẹ̀. Dublin náà ò ṣeé lọ, tí ẹnikẹ́ni bá ń gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, torí orílẹ̀-èdè tiwọn lọ́tọ̀ ni Ireland, físà tiwọn náà lọ́tọ̀.

Edinburgh ní tiẹ̀, físà tó wà lọ́wọ́ yín ti tó o. Inú UK ni Scotland wà, kò sí ẹni tó máa dá yín dúró lójú ọ̀nà, bí ìgbà téèyàn ń ti Abuja lọ Kaduna láìsí ọ̀gá kankan tó máa ní "wetin you carry" ni. King's Cross lẹ ti máa wọ réluwéè, Waverley lẹ máa sọ̀ kalẹ̀, ó sì wà láàárín ìlú gan-an débi pé ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn dé ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀nà náà jìn, ó lé ní 600 km, àmọ́ nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n fi ń rìn ín. Tiwa níbí láti Idu l'Abuja dé Rigasa ní Kaduna, 187 km ni, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, torí bí ọjọ́ ṣe ń sún mọ́ lowó ẹ̀ ń gòkè, ẹni tó bá dìgbà tó dé stéṣọ̀n kó tó rà á, ojú ẹ̀ á rí nǹkan. Káàdì kan wà tó dà bíi pé ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ṣe é fún, Two Together Railcard lorúkọ ẹ̀, èèyàn méjì tó bá jọ ń rìn ló wà fún, orúkọ àti fọ́tò yín méjèèjì ló máa wà lórí ẹ̀, bíi £35 ni wọ́n ń tà á fún ọdún kan, ó sì ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí owó ọkọ̀. Ẹ lọ ẹ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ṣeé ṣe kó ti san owó ara ẹ̀ padà. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ jọ wà nínú ọkọ̀ kan náà, tẹ́ ẹ bá lọ jà tẹ́nì kan ní òun ń dá lọ, káàdì ò ṣiṣẹ́ mọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni tíkẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń pè ní Advance, réluwéè tí wọ́n kọ àkókò ẹ̀ sórí ẹ̀ nìkan ló wà fún. Tí kọ́ọ̀sì yín bá ń parí laago márùn-ún lọ́jọ́ Fúráìdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra ti aago márùn-ún ààbọ̀ o, torí ọ̀gá tó ń kọ́ yín lè máa fa ọ̀rọ̀ gùn, ìjà lílọ-bíbọ̀ inú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ London sì tún wà níbẹ̀.

Ilẹ̀ á ti ṣú lálẹ́ Fúráìdé yẹn, ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú fèrèsé. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń padà ní Sọ́ńdè ni kẹ́ ẹ jókòó sápá òsì, kẹ́ ẹ sì gbéra ní bí ọ̀sán, òkun máa yọ sí yín lápá yẹn, ẹ máa gba orí afárá Berwick kọjá, èyí tí wọ́n ti ṣí láti 1850, títí tẹ́ ẹ máa fi dé Newcastle. Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò ṣá, torí Sọ́ńdè ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe, ọkọ̀ lè yí ọ̀nà.

Sọ́ńdè yẹn gan-an, ẹ fiyè sí nǹkan míì. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni gbogbo UK ń dá aago padà ní wákàtí kan, lóru. Tó bá jẹ́ wíkẹ́ńdì yín ló bọ́ sí i, fóònù yín á yí fúnra ẹ̀, aago ọwọ́ ò ní yí. Títí di òru yẹn, aago kan náà ni London àti Abuja ń lò, látàárọ̀ ọjọ́ yẹn lọ, wọ́n á fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa, torí náà tẹ́ ẹ bá ti ń pe àwọn ọmọ nílé laago mẹ́jọ alẹ́ tiyín, aago mẹ́sàn-án ló máa lù ní Kubwa, wọ́n á ti máa tòògbé.

Nínú ìlú náà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbà fún mi pé ẹ ò ní sáré. Sátidé kan àti àárọ̀ Sọ́ńdè kan lẹ ní. Mo mọ àwọn tó bá irú àsìkò yìí wọ ọkọ̀ lọ sí Glasgow, lọ wo adágún Loch Ness lọ́jọ́ kan náà, inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n ti lo ọjọ́ ọ̀hún tán. Ẹ dúró sí Edinburgh. Títì tí wọ́n ń pè ní Royal Mile ti òkè Castle, ààfin olódi àtijọ́ ìlú náà, sọ̀ kalẹ̀ wá dé ààfin Holyrood, ó tó máìlì kan lóòótọ́, àwọn ọ̀nà tóóró tó ń yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló dùn jù, ilé àtijọ́ alájà púpọ̀ ni, òkúta ẹ̀ ti dúdú. Owó ni wọ́n fi ń wọ Castle, ó sì wọ́n díẹ̀, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ ti ra á. Ilé ìjọsìn kékeré St Margaret tó wà níbẹ̀ ti lé ní 850 ọdún, kò sí ilé tó dàgbà tó o ní gbogbo Edinburgh. Wọ́n máa ń yìn ìbọn ńlá kan níbẹ̀ laago kan ọ̀sán gẹ́ẹ́, láti 1861 ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ọkọ̀ ojú omi lè fi tún aago wọn ṣe. Wọn kì í yìn ín ní Sọ́ńdè o, torí náà Sátidé ni. Ẹ kìlọ̀ fún ọ̀rẹ́ yín kó tó dún, ará Abuja tó bá gbọ́ irú ìró yẹn láìròtẹ́lẹ̀, eré ló máa sá.

Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ná owó, National Museum of Scotland tó wà ní Chambers Street, ọ̀fẹ́ ni, National Gallery náà ọ̀fẹ́ ni. Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ràn jù fún yín ni òkè Arthur's Seat. Aso Rock tiwa, à ń wò ó lókèèrè ni, ta ló fẹ́ gùn ún pẹ̀lú ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ẹ̀? Arthur's Seat ga tó 251 m, ìdí òkè ayọnáyèéfín tó ti kú tipẹ́tipẹ́ ni, àárín ìlú ló wà, kò sẹ́ni tó máa béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Èèyàn tí ara ẹ̀ dá á gùn ún láàárín wákàtí kan, ẹ wọ bàtà tó dì mọ́lẹ̀, kì í ṣe sílípáàsì, ẹ sì wọ jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá torí atẹ́gùn òkè yẹn kì í ṣe ọ̀rẹ́ gèlè. Tí orúnkún bá ń dun ọ̀kan nínú yín, Calton Hill kéré ju ìyẹn lọ, ẹ sì máa rí gbogbo ìlú láti ibẹ̀.

Tí ọ̀rẹ́ yín bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ṣọ́ọ̀bù, Princes Street ń dúró dè é, Primark wà níbẹ̀. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ jọ wà pọ̀ látàárọ̀ dalẹ́ jàre. Ẹ fi wákàtí méjì sílẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé, kí kálukú lọ síbi tó wù ú, kẹ́ ẹ wá pàdé nídìí ère Scott, ilé gogoro dúdú yẹn, kò sẹ́ni tó lè ṣì í. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ tí mo rí tí wọ́n lọ sí ìlú òyìnbó tí wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ ní Nnamdi Azikiwe nígbà tí wọ́n ń dúró de báàgì, ọ̀rọ̀ wọn ò ju pé ẹnì kan fẹ́ sinmi, ẹnì kejì ò jẹ́ kó sinmi.

Oúnjẹ ò ní gbà wá lásìkò. Haggis tí wọ́n máa fi lọ̀ yín, ọkàn, ẹ̀dọ̀ àti fùkù àgùntàn ni, wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ oat àti àlùbọ́sà. Èèyàn tó bá ń jẹ ṣàkì àti àbọ̀dì ní Wuse Market, kí ló fẹ́ máa bẹ̀rù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí ẹ béèrè bóyá halal ni, èyí tí ò lẹ́ran rárá náà wà.

Ó wá kan owó, tó jẹ́ ìdí tẹ́ ẹ fi kọ̀wé gan-an. Ẹ ò ní yí ọ̀rẹ́ yín padà láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má dán an wò. Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ dá àpò kan sílẹ̀ ní Kubwa níbí, kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ jókòó, ẹ ṣírò owó réluwéè, hòtẹ́ẹ̀lì, oúnjẹ, bọ́ọ̀sì àti owó Castle, ẹ pín in sí méjì, kálukú mú tiẹ̀ wá lójú ara yín. Ẹ̀yin lẹ máa di àpò yẹn mú, ohun tó bá jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì, inú ẹ̀ lẹ ti máa san án. Ohun tó bá jẹ́ tara ẹni, bàtà, lọ́fíńdà, ẹ̀bùn ọkọ, inú pọ́ọ̀sì kálukú. Tí ọ̀rẹ́ yín bá wá sọ "bá mi san án ná" nínú Primark, ẹ fẹ̀rín sí i, kẹ́ ẹ sọ pé "àpò wa ò gbà á, ọ̀rẹ́ mi." Ẹ ò jà, ẹ ò sì yá a lówó.

Tó bá jẹ́ pé ẹ yá a ṣá o, torí mo mọ̀ pé ojú ń roni, ẹ rí i pé pọ́ùn lẹ kọ sílẹ̀, pọ́ùn náà lẹ sì gbà padà kẹ́ ẹ tó kúrò ní London. Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ẹ yá èèyàn ní £60, ẹ délé, ó ní òun fẹ́ fi náírà san án, òun ń ṣírò ẹ̀ ní iye tí báńkì kọ, ẹ̀yin ń ṣírò ẹ̀ ní iye tí àwọn mallam Zone 4 ń tà á. Ẹ̀yin méjèèjì ò parọ́, ọ̀rẹ́ ọdún gbọọrọ á sì tú ká lórí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ bi báńkì yín bóyá káàdì náírà yín á ṣiṣẹ́ níta àti iye tó lè ná lóṣù, ẹ má dé iwájú ẹ̀rọ ní Waverley kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Níparí èyí, báńkì mẹ́ta ní Scotland ló ń tẹ owó pọ́ùn tiwọn, ojú ẹ̀ yàtọ̀ sí ti England. Owó gidi ni, àmọ́ ẹ ná an tán níbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀ ní báńkì kẹ́ ẹ tó kúrò. Ẹni tó bá gbé e dé ọ̀dọ̀ mallam ní Zone 4, àlàyé tó máa ṣe á pọ̀.

*

Àlàáfíà fún yín. Aṣọ lèmi àti ọ̀rẹ́ mi ń tà ní Minna. A fẹ́ lọ ṣe Umrah, a sì fẹ́ lo ọjọ́ méjì sí i ní Jeddah tá a bá parí, ká kàn rìn káàkiri. Ẹnì kan sọ fún wa pé Makkah àti Madinah nìkan ni físà Umrah wà fún. Ṣé òótọ́ ni?
— Alhaja méjì, Minna

Kì í ṣe òótọ́ mọ́, Alhaja. Bẹ́ẹ̀ ló rí látijọ́, àmọ́ ìjọba Saudi ti fàyè gba onífísà Umrah láti lọ sí ìlú yòówù nínú orílẹ̀-èdè wọn, níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ físà ò bá tíì pé. Ẹni tó lè dí yín lọ́wọ́ ni ajẹ́ǹtì, torí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ẹgbẹ́ kan náà ló sábà máa ń rà. Ẹ sọ fún un kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba páàsì yín lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ sí Jeddah.

Réluwéè Haramain ni kẹ́ ẹ wọ̀ láti Makkah, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2018, eré ẹ̀ lè dé 300 km ní wákàtí kan, ẹ ò ní tíì tò ẹrù yín tán tó fi máa dé Jeddah. Al-Balad lẹ fẹ́ lọ. Ìlú àtijọ́ ni, láti 647 tí Sàyídínà Uthman ti sọ Jeddah di èbúté Makkah ni àwọn onírìn-àjò Hajj ti ń gba ibẹ̀, UNESCO sì fi í sórí ìwé ogún àgbáyé ní 2014. Òkúta inú òkun ni wọ́n fi mọ àwọn ilé ẹ̀, fèrèsé onígi tí wọ́n gbẹ́ dárà sí yọ síta lókè, ẹ ò ní rí irú ẹ̀ ní Makkah mọ́ pẹ̀lú gbogbo ilé gogoro tó ti bo ibẹ̀. Ẹ má lọ lọ́sàn-án, oòrùn Jeddah àti ọ̀rinrin òkun ẹ̀ kì í ṣe eré. Lẹ́yìn Asiri ni kẹ́ ẹ jáde, ọjà inú ẹ̀ sì ń dùn mọ́ òru ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ, mo mọ̀ pé ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí nìyẹn, àmọ́ ẹ wo ìwọ̀n ẹrù tí tíkẹ́ẹ̀tì yín gbà kẹ́ ẹ tó máa dúnàá-dúrà. Tó bá dalẹ́, ẹ lọ sí etí òkun, omi orísun King Fahd máa ń tú sókè ju 250 m lọ, iná ni wọ́n fi ń tàn án, ọ̀fẹ́ ni ìwòran ẹ̀.

*

Ọmọ Yorùbá ni mí, Jos ni wọ́n bí mi sí. Èmi àti pádi mi fẹ́ rin ìrìn-àjò sí ìlú òkèèrè fún wíkẹ́ńdì, àmọ́ páàsì nìkan la ní, a ò ní físà kankan, owó wa ò sì pọ̀. Ṣé àlá lásán ni?
— Ọmọ Jos

Kì í ṣe àlá o, ẹ lọ sí Accra. Ọmọ ECOWAS lẹ̀yin méjèèjì, páàsì yín á gbé yín wọ Ghana fún 90 ọjọ́ láìsí físà. Káàdì yẹ́lò, ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ni kẹ́ ẹ má gbàgbé, ẹ gba abẹ́rẹ́ gidi, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ má ra ìwé lásán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ìrántí Kwame Nkrumah, Jamestown níbi tí àwọn apẹja wà, ọjà Makola, etíkun Labadi, ọjọ́ méjì ti kún nìyẹn. Wákàtí kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn wa. Ẹ má gbìyànjú Niger nítorí pé ó sún mọ́ àríwá o, àwọn, Mali àti Burkina Faso ti kúrò nínú ECOWAS láti oṣù kìíní 2025, ààbò ojú ọ̀nà ibẹ̀ náà ò sì dáa. Tí ilé yín bá wà ní Jos tí ọkọ̀ òfuurufú sì wọ́n jù fún yín, ẹ wọ bọ́ọ̀sì dé Lagos, kẹ́ ẹ sùn lọ́dọ̀ ẹbí, kẹ́ ẹ wá wọ ọkọ̀ Accra láàárọ̀ kùtù. Ààlà mẹ́ta lẹ máa gbà kọjá, Seme, Hilla Condji àti Aflao, wọ́n á sì béèrè "nǹkan" lọ́wọ́ yín. Ìwé tó bá pé ni kẹ́ ẹ fi dá wọn lóhùn, kẹ́ ẹ gba òǹtẹ̀ ìwọlé àti ìjáde sínú páàsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ má jẹ́ kí kélébé kankan, àwọn alárinà ẹnu ààlà yẹn, gba páàsì lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín ṣe é kíá. Kò ní bọ́ sí wíkẹ́ńdì kan ṣoṣo mọ́ tó bá jẹ́ ojú títì, ẹ gba ìsinmi Fúráìdé àti Mọ́ńdè mọ́ ọn.